Àkàrà Mẹ́ta Tó Sọnù Nínú Ìṣirò Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ìṣirò kékeré kan fojú mi rí nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ní kí n má jẹ́ kó gùn jù. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ jàre. Ṣé òun ló ṣẹlẹ̀ sí ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé mo máa ń fura. Mi ò sẹ́. Bí ẹ bá fún mi lọ́sàn, màá kọ́kọ́ yí i wò nídìí bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Láti kékeré ni. Bàbá mi tó jẹ́ katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní ìjọ Àgùdà ní Kétu, ló kọ́ mi, ó máa ń sọ pé ìfura loògùn àgbà. Èmi ò tíì dàgbà tí mo ti ń lo oògùn náà, mo sì ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ!

Ọdún kejì tí wọ́n ta àsíá tiwa sókè ni, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì fi mí ṣe olùkọ́ kékeré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní monitrice nígbà yẹn. Wọ́n ní kí n lọ dá kíláàsì kan sílẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Idigny. Ẹ jẹ́ kí n kàn pe abúlé náà ní Ìdí-Ọsàn, torí àwọn ọmọ wọn ṣì wà láyé, mi ò sì fẹ́ ìjà lọ́jọ́ ogbó mi.

Òfin kan wà nílẹ̀. Ọgbọ̀n ọmọ! Bí orúkọ ọgbọ̀n ọmọ bá pé sínú ìwé mi kí ọ̀gá alábẹ̀wò tó dé, Ìdí-Ọsàn á ní ilé ìwé. Bó bá dín ẹyọ kan péré, wọ́n á kó páànù òrùlé tó ti wà nílẹ̀ ní Idigny lọ fún abúlé mìíràn lápá Odomèta. Èmi á di ẹrù mi padà sílé bàbá mi. Àwọn ọmọ Ìdí-Ọsàn ńkọ́? Wọ́n á máa retí ìjọba títí tí irùngbọ̀n á fi hù lágbọ̀n wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rí méjìdínlọ́gbọ̀n kọ sílẹ̀. Ẹ má rò pé ó rọrùn o! Bí mo ṣe ń fura sí wọn ni wọ́n ń fura sí mi. Àwọn kan ní owó orí ni mo wá wá. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ kó ọmọ àwọn lọ ṣe sójà. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ bi mí bóyá òyìnbó ti padà dé, tó wá rán mi ṣíwájú. Wọ́n ń pè mí ní Màmúsẹ́ẹ̀lì, bí àwọn Faransé ṣe ń pe obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú ni wọ́n fi ń wò mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi nígbà náà. Iye ọmọ tí mo ṣì ń wá, a ò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká pè é ní x.

28 + x = 30

Ẹ mú 28 kúrò lápá òsì, ẹ mú 28 kúrò lápá ọ̀tún.

x = 30 − 28

x = 2

Ọmọ méjì péré. Ọ̀gá alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọmọ méjì?

Bí mo ṣe dojú kọ ilé Ìyá Ìbídùn nìyẹn.

Ìyá Ìbídùn jẹ́ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan, ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Ọkọ rẹ̀ ń gbin àgbàdo àti iṣu. Wọ́n ti fún mi ní ọmọkùnrin méjì nínú ọmọ wọn, wọn ò sì bá mi jà kí n tó gbà wọ́n. Ìbídùn, àkọ́bí, ti ń múra ilé ọkọ. Ọkùnrin méjì tó tẹ̀ lé e ti di àgbẹ̀. Ó wá ku ọmọbìnrin kan, Àjọkẹ́, ọmọ ọdún méje.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yẹn mú! Bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá délé ní ọ̀sán, á gba ohun tí mo kọ́ wọn lẹ́nu wọn. Mo bá a lẹ́nu ọlọ lọ́jọ́ kan tó ń lọ ata, tó ń ka èjì lọ́nà méje, èjì lọ́nà mẹ́jọ, láìṣi ẹyọ kan. Ọmọ tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ kíláàsì!

Mo ní kí ìyá rẹ̀ fún mi ní Àjọkẹ́. Ó ní ìyẹn ò ní lọ. Mo béèrè ìdí. Ó ní ó níṣẹ́ nílé. Iṣẹ́ wo? Ó kàn ń bẹ gbágùúdá rẹ̀ lọ.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fu. Obìnrin tó fún mi ní ọmọkùnrin méjì láìjanpata, kí ló dé tí kò fẹ́ kí ìkẹta kúrò nílé? Kí ló wà nínú ilé yìí?

Ni mo bá ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá kan kì í ṣe. Mo la ẹnu, mo ní, “Ìyá, ọmọ mélòó lẹ tiẹ̀ bí ná?”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Màmúsẹ́ẹ̀lì, ṣé inú Kétu kọ́ ni wọ́n ti bí yín ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Ìyá ìyá mi ìbá ti gbá mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, ó dáa, ẹni tí kò bá ní jẹ́ kí n ka ọmọ, ṣé kò ní jẹ́ kí n ka àkàrà?

Ọjọ́ Sátidé ni obìnrin yìí máa ń dín àkàrà fún ilé rẹ̀, ó sì máa ń bu tèmi ránṣẹ́. Nígbà tí mo lọ dá àwo padà, mo kọ́kọ́ yìn ín. Mo ní àkàrà yẹn mà dùn o, mélòó ló tilẹ̀ jáde nínú ìkòkò? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òun kà á dáadáa torí àwọn ọmọ máa ń jí i jẹ. Mo ní báwo ló ṣe wá tó gbogbo yín? Ó ní bàbá wọn jẹ mẹ́fà, òun bu mẹ́rin fún mi, òun fúnra òun jẹ méjì, àwọn ọmọ sì gba mẹ́ta mẹ́ta. Mo ní kò wá ṣẹ́kù? Ó ní kò ṣẹ́kù, èéfín nìkan ló ṣẹ́kù.

Mo dúpẹ́. Mo rìn lọ sílé bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Bí mo ṣe délé, mo fa ìwé yọ! Ẹ bá mi ṣe é, ó rọrùn. Iye ọmọ inú ilé la ò mọ̀, òun ni x. Ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ mẹ́ta, ó di 3x. Ẹ wá fi ti bàbá, tèmi àti ti ìyá kún un.

3x + 6 + 4 + 2 = 33

Ẹ kọ́kọ́ ro ti àwa àgbà pọ̀: mẹ́fà àti mẹ́rin, mẹ́wàá, ẹ fi méjì kún un, méjìlá.

3x + 12 = 33

Ẹ mú méjìlá kúrò lápá méjèèjì.

3x = 21

Ẹ wá fi mẹ́ta pín in.

x = 7

Méje! Ọmọ méje ló jẹ àkàrà nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n mẹ́fà ni mo mọ̀.

Mo ní bóyá ojú mi ló ṣì. Lọ́jọ́ kejì mo gba iwájú ilé wọn kọjá pẹ̀lú ẹ̀kún ọwọ́ àgbàdo nínú àpò òsì. Bí mo bá ti rí ọmọ kan, màá sọ hóró kan sínú àpò ọ̀tún. Mi ò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, mi ò sì pe nọ́ńbà kankan lẹ́nu. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n àrékérekè? Mo délé, mo da àpò ọ̀tún sílẹ̀. Hóró mẹ́fà.

Mo wá yẹ ìṣirò mi wò, bí olùkọ́ gidi ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ pé mẹ́fà ni wọ́n, mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà jẹ́ méjìdínlógún. Ẹ fi méjìlá kún un, ọgbọ̀n ni. Kò pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àkàrà mẹ́ta sọnù, mẹ́ta yẹn gan-an sì ni ìpín ọmọ kan!

Àbí ó ṣì í kà? Mo tún dẹ pàkúté mìíràn. Lọ́jọ́ Túsìdé wọ́n se àgbàdo. Mo tún bá a tàkúrọ̀sọ. Ó ní àgbàdo mẹ́tàdínlógún lòun sè, àwọn ọmọ gba méjì méjì, bàbá wọn jẹ mẹ́ta, inú ń run òun ni òun ò ṣe jẹ.

2x + 3 = 17

2x = 14

x = 7

Méje náà ló tún jáde! Ẹni tó ń purọ́ kì í rántí irọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ìbídùn kò purọ́, ó kàn ń fi nǹkan pamọ́ ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ilé wọn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Mo máa ń kó ìwé tí mo fẹ́ máàkì wá sábẹ́ igi ọsàn tó kọjú sí ilé wọn, ojú mi kì í sì í sí nínú ìwé. Mo rí i pé bí obìnrin náà bá ti pín oúnjẹ fún àwọn ọmọ tán, á tún bu ìwọ̀nba kan sínú àwo kékeré, á gbé e wọ yàrá inú. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí mo sún mọ́ fèrèsé, tí mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Gba tìẹ. Má bínú pé ó pẹ́.”

Kò sí ohùn ọmọ kankan tó dáhùn.

Irú ọmọ wo ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tí kì í dáhùn? Ṣé arọ ni? Ṣé wọ́n dè é mọ́lẹ̀ ni? Àánú ọmọ náà ṣe mí dé ọkàn. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, inú mi tún dùn díẹ̀. Ọmọ inú yàrá yẹn, pẹ̀lú Àjọkẹ́, méjì ni. Iye tí mo ń wá gẹ́lẹ́!

Mo lọ bá dèlègé, ìyẹn bàbá tí ìjọba mọ̀ sí olórí abúlé. Mo ro gbogbo ẹjọ́. Bàbá náà fi ọwọ́ pa orí. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ìṣirò kì í parọ́.

“Màmúsẹ́ẹ̀lì,” ó ní, “ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀.”

Ìgbà yẹn ni mo wá fura sí òun náà! Mo ní áà, gbogbo abúlé ló mọ̀ sí i. Mo sọ fún un pé bí kò bá tẹ̀ lé mi, màá sọ ọ́ létí ọ̀gá alábẹ̀wò pé wọ́n ń ti ọmọ mọ́lé ní Ìdí-Ọsàn. Bàbá náà dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, a sì jọ lọ sílé Ìyá Ìbídùn.

Ọjọ́ Sátidé ni, òórùn àkàrà gba gbogbo àgbàlá. Ìyá Ìbídùn jókòó níwájú ilé, àwọn obìnrin méjì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kí wọn. Mo fa igi kan, mo sì kọ ìṣirò mi sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn lórí iyẹ̀pẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ti bàbá rèé, tèmi rèé, ti ìyá rèé, ẹ mú un kúrò, ẹ fi mẹ́ta pín in. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀yàyà ń mú mi, bí ẹni tó wà níwájú pátákó.

Ó wo ohun tí mo kọ sí ìparí. Kò mọ̀wé.

“Kí nìyẹn?”

“Èje ni, Ìyá. Ọmọ méje lẹ ń bọ́. Mẹ́fà ni mo rí. Ìkeje dà?”

Dèlègé ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi ìborùn bo ẹnu.

Ìyá Ìbídùn dìde díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé abúlé yẹn, ẹ ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀, torí iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ yẹn kò fi ẹ bá mi sọ ọ́.

“O ka ọmọ mi,” ló wí. “Ó dáa. Wọlé wá wo èyí tí o kà.”

Mo tẹ̀ lé e. Inú yàrá náà mọ́, fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sí okùn, kò sí ọmọ kankan. Ẹní kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Orí ẹní náà ni ère igi kan wà, kò gùn ju apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́ lọ. Ó wọ aṣọ aláró kan tí mo mọ̀ dáadáa, torí irú rẹ̀ gan-an wà lọ́rùn Àjọkẹ́ níta. Ìlẹ̀kẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Níwájú rẹ̀, àwo kékeré. Nínú àwo, àkàrà mẹ́ta, wọ́n ṣì gbóná.

“Kẹ́hìndé rèé,” ló ní. “Ibà ló mú un lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Táyé rẹ̀ lo ń pè ní Àjọkẹ́. A ò pe Táyé mọ́, torí bí a bá ti pè é, a ó máa retí kí a pe èkejì.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin tí ìbejì wà nílé yín ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti dárúkọ àkàrà, kí ẹ sì ti máa fi mí ṣẹ̀sín. Èmi ò mọ̀! Ilé katikíìsì ni wọ́n ti tọ́ mi, ère kankan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Ìyá ìyá mi ní irú rẹ̀ nínú yàrá, mo sì ti bá a wẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìwé tí mo kà ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ìṣirò mi pé pérépéré, ojú ọgbẹ́ ìyá ọlọ́mọ ni mo sì ti lọ kọ ìdáhùn rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó jáde, ó fẹsẹ̀ rọra pa gbogbo ohun tí mo kọ síyẹ̀pẹ̀ rẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bí mo bá dé ibi omi, gbogbo ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Obìnrin méjì ránṣẹ́ sí mi pé àwọn á yọ ọmọ àwọn, torí olùkọ́ tó ń ka ọmọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ fi iye wọn ṣe. Ṣé ẹ rí i? Méjì ni mo lọ wá, méjì ló tún fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni Ìyá Ìbídùn dé. Ó mú Àjọkẹ́ lọ́wọ́. Kò jókòó.

“Ọmọ yìí ń sunkún ilé ìwé,” ló ní. “Lánàá kò jẹun. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí mo bá ṣe fún ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Bí mo bá rán aṣọ, méjì ni. Bí mo bá dín àkàrà, tàwọn méjèèjì ni. Bí mo bá jẹ́ kí Táyé lọ sílé ìwé, tí mo fi Kẹ́hìndé sílẹ̀, tó bá bínú ńkọ́? Tó bá wá mú èkejì rẹ̀ lọ ńkọ́? Ìyẹn ni mi ò fi gbà. Ìwọ kọ àwọn méjèèjì, tàbí kí o má kọ ìkankan.”

Ó tú ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Síléètì méjì ló wà nínú rẹ̀, tuntun.

Èmi tí mo kórìíra irọ́! Èmi tí mo fi hóró àgbàdo ka ọmọ ọlọ́mọ! Bí mo bá kọ ọ́, ẹni tí kò sí láyé á wà nínú ìwé ìjọba. Bí mi ò bá kọ ọ́, ọmọ tó mọ èjì lọ́nà mẹ́jọ lẹ́nu ọlọ á padà sídìí ọlọ, kò sì ní sí ilé ìwé ní Ìdí-Ọsàn. Mo sì mọ̀ pé orúkọ méjì yẹn ló máa sọ ìwé mi di ọgbọ̀n. Ṣé àánú ìyá yẹn ló mú kí n kọ ọ́ ni, àbí páànù ìjọba? Títí di òní mi ò lè pín in fún yín, èló ni tàánú, èló ni ti páànù.

Mo mú gègé mi. Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n: Táyéwò. Ọgbọ̀n: Kẹ́hìndé.

Nígbà tí Ìyá Ìbídùn kúrò lọ́dọ̀ mi, ó gba ilé àwọn obìnrin méjì yẹn kọjá. Mi ò mọ ohun tó bá wọn sọ. Wọn kò yọ ọmọ wọn mọ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá alábẹ̀wò dé. Ará Àjàṣẹ́ ni, ọmọ ẹ̀yà Gùn, ó ga, ó wọ kakí, ó sì lo awò ojú. Ó dúró níwájú àwọn ọmọ, ó na ìka rẹ̀ síta, ó sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan! Mo gbọ́ bí àwọn ìyá tó wà níta ṣe ń ké háà. Ó dé ìparí. Ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n. Ó wo ìwé mi. Ọgbọ̀n. Ó tún kà wọ́n.

Ó wá yíjú sí mi. Mo mọ ojú yẹn! Ojú tèmi gan-an ni, tí mo fi ń ṣọ́ fèrèsé ilé ẹni ẹlẹ́ni. Ọkùnrin náà ti rí olùkọ́ tó ń kọ orúkọ èké sínú ìwé rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ó ní òun fúnra òun ló máa pe orúkọ. Ó pè é títí ó fi dé “Táyéwò.” Àjọkẹ́ dìde, ó dáhùn, “Présente, Monsieur!” Ìyẹn ni pé òun wà níbẹ̀, sà; gbogbo Faransé tó gbọ́ nìyẹn. Ó jókòó.

“Kẹ́hìndé.”

Ni Àjọkẹ́ bá tún dìde. Ó gbé síléètì kejì sókè lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ohun kan tó so mọ́ ìbàdí mú lábẹ́ aṣọ, ó sì tún dáhùn, “Présente, Monsieur!”

Ọ̀gá náà ní kí n bá òun jáde. Abẹ́ igi ọsàn la dúró sí. Ó fi Faransé bi mí pé ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ fi x kún un, ó di ọgbọ̀n. X yìí, níbo ló wà?

Ìbéèrè tí mo bi ọlọ́mọ nìyẹn. Ó padà wá bá mi. Mo lè sọ pé ara ọmọ náà kò yá. Irọ́ yẹn ti wà lẹ́nu mi tán. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: àkàrà, hóró àgbàdo, ìṣirò orí iyẹ̀pẹ̀, àwo kékeré inú yàrá. Mo ní bó bá fẹ́ lé mi, kó lé mi, ṣùgbọ́n kó má gba páànù lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó wá bi mí bóyá wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta mẹ́ta, bíi ti àwọn yòókù.

Ó ní nílé ìyá òun, àwọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n máa ń sọ pé ó lọ wá igi ìdáná nínú igbó. Ó ní òun náà ní èkejì tó ti ń ṣẹ́gi látìgbà tí òun ti wà ní ọmọ ọwọ́.

Ó gba gègé lọ́wọ́ mi. Níwájú orúkọ Kẹ́hìndé, níbi tí wọ́n máa ń kọ ìdí tí ọmọ kò fi wá, ó fi Faransé kọ ọ́ pé ó lọ ṣẹ́gi. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ewé, ó kọ ọ́ gbàgàdà: 30. Ó ti ìwé náà pa, ó sì béèrè omi mu.

Páànù dé lọ́sẹ̀ kejì. Ọdún méjì ni mo lò ní Ìdí-Ọsàn. Láràárọ̀ ni mo máa ń pe orúkọ, mi ò sì fo ẹnikẹ́ni rí. Bí mo bá pe Kẹ́hìndé, gbogbo kíláàsì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ó lọ ṣẹ́gi!” Láràárọ̀ náà ni Ìyá Ìbídùn máa ń dúró lójú ọ̀nà oko pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Á dúró títí á fi gbọ́ ọ, kó tó máa lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe gbọ́ ọ tán, kò lọ. Ó gbóhùn sókè láti ojú ọ̀nà, gbogbo wa gbọ́ ọ: “Táyé! Táyé o! Ìwọ àti èkejì rẹ, ẹ tètè máa bọ̀ nílé o!”

Mo kọjú sí pátákó fúngbà díẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa rí ojú mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ni, ẹ máa wọ̀n ọ́n kí ẹ tó lò ó. Ìdáhùn lè pé kó má sì jẹ́ ohun tí a rò. Bí ohun kan bá ṣẹ́kù nínú ìṣirò yín, ẹ má tètè pariwo olè. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣì ń jẹun níbẹ̀ tí ẹ̀yin ò rí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni ẹ ti fura sí rí, tó wá já sí pé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ní kí ọmọ ọmọ mi kà á sí mi létí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín lẹ fẹ́ sọ, ẹ sọ ohun gbogbo fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má sọ iye wọn. Mi ò bi yín.